Máso, Másọ́ọ̀tì

Òpó irin kan dúró níbi tí títì olọ́dà ti parí,
lẹ́tà mẹ́fà ló wà lára pátákó rẹ̀:
M, A, S méjì, O, àti T.
T yẹn ni gbogbo ìjà.

Àwọn ará gúúsù odò, tí wọ́n ń sin màlúù dúdú tí kò níwo,
Másọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe kaunti wọn,
wọ́n á gbá T náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù.
Àwọn ará àríwá, lẹ́yìn àká àlìkámà,
Máso ni tiwọn: wọ́n á gbé T mì
bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì níwájú àlejò.

Verna Ostrem kọ́ wọn níwèé fún ọdún mọ́kànlélógójì.
Ó ní ọmọ Faransé ni ọkùnrin náà, Máso ló tọ̀nà.
Rúlà rẹ̀ mọ àtẹ́lẹwọ́ Hollis Tackett dáadáa.
Hollis ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
òun ni olórí àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe,
síbẹ̀ bó bá pàdé Verna ní ilé ìfìwéránṣẹ́, á ṣí fìlà:
“Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Òjò ti wọ́n jù ní Másọ́ọ̀tììììì.”

Ta tilẹ̀ ni Anselme Massot?
Ẹni tó fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ kọjá níbí lọ́dún 1871,
ó sun oorun òru mọ́kànlá nínú koríko tó bo ẹṣin mọ́lẹ̀,
ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé omi ibẹ̀ korò,
ẹ̀fọn ibẹ̀ kò mọ àgbà, òun kò ní padà wá.
Kò sì padà wá.
Ilẹ̀ tó sá fún ni wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ sọ.
Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.
Àgọ́ awọ wà níbẹ̀; wọn kò wò ó.
Àwọn tó ni àgọ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pe odò náà,
kò sẹ́ni tó na ọmọ kankan lọ́wọ́ nítorí ìyẹn.

Létí èmi tí mò ń fi Yorùbá kọ ọ́,
Máso: má so. Ta ní ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ ọkà?
Fi àmì kan sábẹ́ O, ó di má sọ,
orúkọ tó fọwọ́ bo ara rẹ̀ lẹ́nu.

Nígbà tí kaunti pé àádọ́jọ ọdún,
wọ́n wá àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ kàn ní Méènì,
Odile Massot, tó ń tọ́jú eyín.
Ó dé tòun ti àpò kan, bàtà rẹ̀ kò bá ẹrẹ̀ mu.
Gbọ̀ngàn àwọn panápaná kún dẹ́nu ọ̀nà.
Verna wọ ẹ̀wù búlúù. Hollis fá irùngbọ̀n.
“Báwo lẹ ṣe ń pè é nílé yín?”

Ó nu páì kúrò lẹ́nu.
“Másọ́ọ̀tì. Ilé ìhunṣọ ni bàbá bàbá mi ti ṣiṣẹ́.
Lọ́jọ́ owó, akọ̀wé á pariwo: Másọ́ọ̀tì!
Ẹni tí kò bá dáhùn, owó rẹ̀ á sùn síbẹ̀.
Ó dáhùn.
Láti ìgbà náà la ti ń dáhùn.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Hollis, tó ti ń retí gbólóhùn yìí láti kíláàsì kejì,
kò mọ ibi tí òun yóò gbé ẹ̀rín òun sí.
Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wo Verna,
tó ń fi fọ́ọ̀kì tẹ páì rúbábù rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí kò jẹ ẹ́.

Òun ló gbé e délé lálẹ́ ọjọ́ náà,
torí ojú ìyá kò gba iná ọkọ̀ mọ́.
Òjò ń ṣú níwọ̀ oòrùn. Rédíò ní ìjì ń bọ̀ ní kaunti,
ọmọdé tó ń kà á kò mọ èwo ni yóò pè,
ó fo orúkọ náà bí ẹni fo gọ́tà.
“Máso,” Hollis wí jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ ń bẹ lójú ọ̀nà.
Verna ń táràrà bẹ́líìtì rẹ̀ nínú òkùnkùn.
“T,” ó ní. “O gbàgbé T.”